Ìwé Márùn-ún, Ìdáhùn Kan

Láàárín àwọn ọdún 1980, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí ní Yemẹtu. Yunifásítì kan nílùú wa àti ọ̀kan ní Gánà para pọ̀ ṣètò ẹ̀kọ́ ìlera fún àwa tí iṣẹ́ kò jẹ́ ká ráyè jókòó sí kíláàsì. Kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń kọ́ wa. A ó gbọ́ ọ, a ó kọ ìdáhùn, wọn á sì kó ìdáhùn náà lọ sí Gánà láti máàkì í. Bí n kò bá yege, kí n gbàgbé ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn.

Àwa márùn-ún la máa ń pàdé ní Sátidé nínú ilé ìwé kan ní Bẹẹrẹ. Bàbá kan tó ń po oògùn nílé ìwòsàn ló dàgbà jù nínú wa. Òun ló ni rédíò tí a fi ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì, òun náà ló sì máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bàbá mọ nǹkan, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ kan wọ́n bi wá léèrè ohun tó yẹ kí ìyá ṣe bí ọmọ ọwọ́ bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Bàbá ní kó dá ọmú dúró ná, kí inú ọmọ lè sinmi. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ fún àwọn ìyá ní Yemẹtu pé wọn ò gbọdọ̀ dá ọmú dúró! Ta ló fẹ́ já bàbá nírọ́ lójú gbogbo èèyàn? Ohun tó sọ ni mo kọ. Ohun tí gbogbo wa kọ náà nìyẹn.

Lẹ́yìn oṣù méjì, lẹ́tà dé láti Gánà. Wọ́n ní àṣìṣe kan náà ni àwa márùn-ún kọ, pé a jíwèé ara wa wò, àti pé àwọn yóò yọ wá kúrò bí a kò bá rí àlàyé ṣe. Inú bí mi, ojú sì tì mí.

Bàbá ka lẹ́tà náà tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

“Ta ló mọ̀ nínú yín pé mo ṣì í?”

Mo kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú, sà. Mo mọ̀. Mi ò kàn lè já yín nírọ́ ni.”

Kò bínú.

“Ọmọ ọmọ mi ń ya ìgbẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Ohun tí mo sọ níbí ni mo sọ fún ìyá ẹ̀ nílé. Ọlọ́run ló bá mi ṣe é tí ìyá ẹ̀ kò gbọ́ tèmi, tó ń fún un lọ́mú ní kọ̀rọ̀.”

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ àlàyé sí Gánà, pé ẹnu òun la ti gbọ́ ọ. Wọ́n gbà á, wọ́n ní ká tún ìdáhùn kọ, mo sì yege. Ìgbéga náà dé. Àmọ́ ọmọ yẹn, tí n kò fojú rí rí, ni mo ń rò títí dòní. Nítorí kí ojú má baà ti bàbá, díẹ̀ ló kù kí n fi ebi pa ọmọ ọmọ rẹ̀.