Iná Ìpè Ìyá

Ìyàwó mi ló ń ṣe ọpọlọ fún lífìtì. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì nísàlẹ̀ ilé alájà mẹ́wàá, tí ẹ sì gbọ́wọ́ kúrò, nǹkan kan gbọ́dọ̀ rántí pé ẹ pè. Ohun kékeré tó ń rántí yẹn ni wọ́n ń pè ní fílípù-fúlọ́ọ̀pù. Ohun méjì péré ló mọ̀: wọ́n ti pè, wọn ò tíì pè. Iṣẹ́ ìyàwó mi ni láti pinnu ohun tí yóò jí i àti ohun tí yóò mú un gbàgbé. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń sanwó oṣù fún un.

Ìyá rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ wa, nínú yàrá ẹ̀yìn tí oòrùn àárọ̀ ń yọ sí. Ẹsẹ̀ Ìyá kò gbé e mọ́, ohùn rẹ̀ kò sì dé ilé ìdáná. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní òun ń bọ̀ wá kó ẹrù Ìyá lọ sílé òun, nítorí pé ẹni tó bá ń pe èèyàn tí wọn ò dá a lóhùn, ìyà ló ń jẹ. Ìyá kò fẹ́ lọ rárá.

Ni ìyàwó mi bá ṣe iná ìpè. Bí Ìyá bá tẹ bọ́tìnnì, iná pupa á tàn nílé ìdáná, kò sì ní í kú àfi tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì kejì tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àbúrò ìyàwó mi ọkùnrin, tó ń rán bàtà nílé wa, ló máa ń wà nítòsí lọ́sàn-án. Mò-ń-bọ̀ la máa ń pè é. Iná á tàn, á pariwo, "Mò ń bọ̀!", á pa iná, á sì padà sídìí bàtà. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ìyá tí òùngbẹ ń gbẹ á dúró títí á fi sú u.

Inú bí ìyàwó mi burúkú. Ó bá àbúrò rẹ̀ jà, lẹ́yìn náà ló káwọ́ lérí.

"Èmi náà ni mo ṣe é. Ṣé lífìtì máa ń pa iná bọ́tìnnì rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó pè é ni?"

Ó tú bọ́tìnnì kejì, ó gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Ìyá. Ẹni tó bá fẹ́ pa iná, kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn débẹ̀.

Mo bi í pé, "Bí Ìyá bá ń tẹ tiẹ̀, tí ẹlòmíì ń tẹ èyí tó ń pa iná lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́?"

"Á dà rú mọ́ fílípù-fúlọ́ọ̀pù lójú. Àfi ká yan ẹni tó máa borí."

"Ta ni?"

"Ṣé ìyẹn náà ń gba ìbéèrè ni? Màámi ni."

Ọjọ́ tí Ẹ̀gbọ́n dé, ilé ìdáná ló jókòó sí, ó tẹjú mọ́ iná bí ọlọ́pàá. Iná tàn. Mò-ń-bọ̀ sáré wọ yàrá Ìyá lọ tòun ti abẹ́rẹ́ bàtà lọ́wọ́. Iná kò kú. Gbogbo wa bá rọ́ lọ sí yàrá. Mò-ń-bọ̀ ń tẹ bọ́tìnnì, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìka Ìyá wà lórí bọ́tìnnì tiẹ̀, kò gbé e kúrò.

Ìyàwó mi ní, "Màámi, kí lẹ fẹ́?"

"Mi ò fẹ́ nǹkan kan. Ẹ jókòó."

Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ jókòó. Títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sẹ́ni tó dárúkọ kíkó ẹrù Ìyá.