Bọ́tìnnì Dúdú Tí Àánú Fà Yọ

Ẹni tí egbò ò bá tíì bá fínra kò lè mọ ìdí tí wọ́n fi ń pe nọ́ọ̀sì yìí ní Ọlọ́wọ́ẹ̀rọ̀. Báńdéèjì tó ti lẹ̀ mọ́ ẹran ara, tí ẹlòmíì á fà já tí aláìsàn á kígbe dé géètì, òun á rọra fi omi iyọ̀ rin ín, á máa bi aláìsàn léèrè ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Kí onítọ̀hún tó mọ̀, ó ti tú u tán. Yàrá ìwẹgbò ló ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀, yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn, tó ní bẹ́ẹ̀dì gíga kan àti fèrèsé tí wọn kì í tì nítorí òórùn. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn: èèyàn rere ni. Ìwà rere yẹn náà ló sì dá wàhálà sílẹ̀.

Dókítà kan, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára kọ̀ǹpútà, ló gbé ìpara tuntun dé fún egbò ẹsẹ̀ àwọn alátọ̀gbẹ, irú egbò tó ń jẹ ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wọn á fi gé e. Ó fẹ́ dán an wò: kí àwọn kan lo ìpara tuntun, kí àwọn yòókù lo ti tẹ́lẹ̀, kí wọ́n wá wo egbò ta ni yóò jiná. Àpò aṣọ kan ló fi lé Ọlọ́wọ́ẹ̀rọ̀ lọ́wọ́, bọ́tìnnì dúdú àti funfun ló wà nínú rẹ̀. Aláìsàn bá dé, kí nọ́ọ̀sì ki ọwọ́ bọ àpò láìwò ó. Dúdú, ìpara tuntun. Funfun, ti tẹ́lẹ̀. Kó dá bọ́tìnnì padà, kó gbọn àpò fún ẹni tó kàn. Dókítà ní kò gbọdọ̀ sí ẹni tí yóò fi ojú yan, ìbáà ṣe òun alára. Ọlọ́wọ́ẹ̀rọ̀ ní ó ti yé òun. Yé e kẹ̀! Ó gbọ́ ni, kò yé e.

Kò pẹ́ tí bàbá arúgbó kan wọlé, egungun ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fojú hàn. Nọ́ọ̀sì fa bọ́tìnnì, funfun ló yọ. Bàbá wo bọ́tìnnì, ó wo nọ́ọ̀sì. Ojú Ọlọ́wọ́ẹ̀rọ̀ kò gbà á. Ó ju funfun padà, ó tún fà á, ó ń fà á títí dúdú fi jáde. Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Arúgbó, opó, ẹni tí egbò rẹ̀ ti jìn, dandan ni kí wọ́n rí dúdú. Àwọn ọ̀dọ́ tí egbò wọn ò tó nǹkan, tí wọ́n ń ṣẹ̀fẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, bí dúdú bá yọ sí wọn, á dá a padà pé àpò yìí ò mọ ẹni tó yẹ ká ṣàánú. Ṣé èèyàn á ní oògùn lọ́wọ́, á wá máa fi tẹ́tẹ́ pín in ni? Ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn, ó sì ń sùn dáadáa.

Nígbà tí ìdánwò parí, Dókítà pè é jókòó, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní àwọn onípara tuntun tó jiná fi díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kéré. Àkọsẹ̀bá lásán lè ṣe bẹ́ẹ̀, bí èèyàn ṣe lè ju owó ẹyọ sókè kó máa bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan náà léraléra. Kí ayé tó gbà pé ìpara ń ṣiṣẹ́, ìyàtọ̀ gbọ́dọ̀ ju ohun tí àkọsẹ̀bá lè ṣe lọ. Èyí ò tó bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìpara náà palẹ̀ mọ́, wọ́n da èyí tó kù nù. Ọlọ́wọ́ẹ̀rọ̀ bá a kẹ́dùn, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Àfi bí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe dá egbò. Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ lẹ́yìn ikú ìyá wọn, òun ló ń ránṣọ fún aráyé kí àbúrò lè kàwé nọ́ọ̀sì. Àtọ̀gbẹ ti wà lára rẹ̀ tipẹ́. Ẹsẹ̀ tó fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ gan-an ni bàtà bó. Àbúrò wẹ egbò náà bí ẹni wẹ ọmọ tuntun, kò gbọ́, ńṣe ló ń jìn sí i. Ó sáré tọ Dókítà lọ, ó ní ṣé ìpara yẹn ò lè kù díẹ̀ ní kọ̀rọ̀ ibì kan. Kò kù.

“Mà, mo ṣì gbà pé ìpara yẹn dáa,” ni Dókítà wí. “Orí ni ò bá a ṣe é. Àpò yẹn kàn ń kó àwọn arúgbó tí egbò wọn ti burú sọ́dọ̀ rẹ̀ ṣáá. Àwọn tí egbò wọn fúyẹ́ ló bọ́ sí ti tẹ́lẹ̀, àwọn yẹn ì bá jiná ká tiẹ̀ fi omi lásán wẹ̀ wọ́n. Àkọsẹ̀bá burúkú ni, mà.”

Ó wá yé Ọlọ́wọ́ẹ̀rọ̀ wàyí. Ẹrù tó wúwo jù ló kó lé ìpara náà lórí, ló wá ní kó bá ẹni tí kò ru nǹkan kan sáré. Ìpara náà sì sáré, wọn ò rí i ni. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Dókítà ò bínú. Ì bá sàn ká ní ó bínú. Ó kàn bojú wo ilẹ̀, ó ní kí wọ́n tó tún un ṣe, á tó ọdún mélòó kan. Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n ò ní ọdún kankan nílẹ̀. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Wọ́n gé e lábẹ́ orúnkún.

Àbúrò náà ló ń tọ́jú ojú ibi tí wọ́n gé. Ẹ̀gbọ́n dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì gíga, ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé bàtà òun á máa pẹ́ báyìí, torí ẹyọ kan ṣoṣo lòun á máa wọ̀. Àbúrò ò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ kàn án lórí.

“Má fi sọ́kàn mọ́. Mo mọ̀ ẹ́. Ká ní ìgbà tí oògùn yẹn wà lọ́wọ́ rẹ ni ẹsẹ̀ mi dá egbò, ìwọ ì bá dọ́gbọ́n fún mi.”

“Ǹ bá fún yín, ẹ̀gbọ́n mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe fún gbogbo wọn.”

Ẹ̀gbọ́n ní ṣebí òun sọ bẹ́ẹ̀, aláàánú ni, Ọlọ́run á san án fún un. Ọlọ́wọ́ẹ̀rọ̀ fi omi iyọ̀ rin báńdéèjì náà, ó ń tú u lọ díẹ̀díẹ̀, kò dun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rárá.