Wúrà Lóṣòó Sẹ́nu Ọ̀nà Dókítà

Bí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yìí, inú mi a tún ru. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé a kì í bá dókítà wí. Èmi tí mo fúnra mi kọ́ ìwé, mo ti ka ìwé ìṣègùn tó nípọn ju bíríkì lọ.

Wúrà, ọmọ Iléṣà, ni ìyàwó àbúrò mi, Mọ́ṣúdù, tó ń fi òòlù na mọ́tò tó ti rún ní Old Garage, l'Óṣogbo. Òṣómàáló paraku ni bàbá Wúrà: aṣọ ló ń tà láwìn, bí onígbèsè bá sì fojú pamọ́, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí yóò fi gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. A máa ń fi ìyẹn bá Wúrà ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Ìjẹ̀ṣà, dìde nílẹ̀!"

Lọ́dún 1994, ibà dá Mọ́ṣúdù wó, inú rírun sì tẹ̀ lé e. Igbe rẹ̀ ń mi páànù ilé ìwòsàn, ikùn rẹ̀ sì le bíi pátákó. Dókítà ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí èsì dé, kò tilẹ̀ kúrò lórí àga.

Ó ní, "Oje tó ń mú oúnjẹ dà, tó ń ti ara ẹran kan lẹ́yìn àpòlúkù wá, ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ló wú. A ò ní là á, omi la óò máa fà sí i lára."

Wúrà bi í pé, "Ṣé ẹ ti tẹ ikùn rẹ̀ wò?"

"Màmá, ẹ̀rọ ti wò ó."

Ẹ̀rọ! Ṣé ẹ̀rọ lọ́wọ́ ni? Díẹ̀ ló kù kí n fa ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ tu. Agbára mi nígbà yẹn tó ti erin méjì. Wúrà dì mí mú.

"Bàbá, ẹ jẹ́ n ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa."

Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà dókítà. Kò sí àyè àtiwọlé, kò sí ti àtijáde.

"Màmá, ẹ dìde!"

"Mi ò bá yín jà o. Ọwọ́ yín ni mo wá gbà. Ẹ gbé e lé ikùn ọkọ mi, kí n dìde."

Dókítà pariwo pe gáàdì. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni gáàdì ọ̀hún. Bó ti rí bí Wúrà ṣe lóṣòó, ó fẹ̀yìn rìn.

"Ọ̀gá, mo mọ irú èyí. Ẹ yáa bá a lọ."

Wúrà yà fún un, dókítà fi ìbínú lọ tẹ ikùn Mọ́ṣúdù. Ojú rẹ̀ yí padà.

Ó ń kùn pé, "Ibà táífọ́ọ̀dù ti dá ìfun rẹ̀ lu. Ìfun tó lu náà lè mú kí oje yẹn ga lẹ́jẹ̀."

Àṣé ó mọ̀! Ohun tó ń bí mi nínú títí dòní nìyẹn. Ó mọ̀ pé ibi púpọ̀ ni èsì yẹn lè tọ́ka sí, ó sì fẹ̀yìn tì í bí ẹni fẹ̀yìn ti ògiri tó lanu.

Wọ́n là á kíákíá. Nígbà tí dókítà jáde, Wúrà ti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ náà.

"Màmá, ó ti yè. Ẹ dìde."

"Ẹ jẹ́ n fojú mi rí i ná."