Irun Leonila àti Dráyà Oníbúrọ́ọ̀ṣì

Àbúrò mi Leonila, aṣọ àwọn ẹlòmíràn ló fi gbogbo ayé rẹ̀ lọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì òun dúró gbọin ní àdúgbò wa ní Jaro, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbé e lọ. Ó ti kú báyìí. Èmi ẹ̀gbọ́n ló kù, ó sì ti rẹ èmi náà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ irun rẹ̀ kí n tó gbàgbé.

Irun náà dúdú, ó ki, ó sì gùn dé ìbàdí. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá lọ aṣọ kì í fọwọ́ kan omi lọ́jọ́ náà. Bí a ṣe bá a nìyẹn. Ọwọ́ tó ti gba ooru áyọ́ọ̀nù, bí omi tútù bá kàn án, iṣan á dì, ọwọ́ á sì máa gbọ̀n títí ọjọ́ alẹ́. Nítorí náà ọjọ́ Àìkú nìkan, tí kì í lọ aṣọ, lẹ́yìn ìsìn Máàsì, ló ń fọ irun. Ó sì gbọ́dọ̀ gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú, torí a kì í gbé irun tútù sùn. Ojú ló ń fọ́. Anselmo ọkọ rẹ̀ á jókòó sẹ́yìn rẹ̀, á tan fáànù, á máa fi òòyà tú irun náà díẹ̀díẹ̀, á sì máa ráhùn.

"Ṣé irun rèé àbí okùn ọkọ̀ ojú omi?"

"Tú u lọ jàre. Ṣé èmi ni mo ní kí o fẹ́ onírun?"

Anselmo kú. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu Leonila, tí apá òsì rẹ̀ rọ jọwọrọ. Áyọ́ọ̀nù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí iṣẹ́ ọkọ̀ òkun kì í jẹ́ kó gbélé, nítorí náà Jovelyn ìyàwó ọmọ náà ló ń tọ́jú rẹ̀. Jovelyn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ní àwọn ọmọ kéékèèké, bó bá sì fi máa di ọjọ́ Àìkú, á ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká gé irun yìí mọ́lẹ̀. Mi ò lè máa jókòó tì í láti àárọ̀ dalẹ́ mọ́."

"Tí mo bá kú, kí o gé e."

"Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀."

Leonila ránṣẹ́ pè mí. "Ẹ̀gbọ́n mi, dráyà ń fẹ́ ọwọ́ kan, búrọ́ọ̀ṣì ń fẹ́ ọwọ́ kejì. Ẹyọ kan ni mo ní. Wọ́n ní èyí tí wọ́n pa pọ̀ mọ́ra wà, tó ń fẹ́ ooru jáde láàárín eyín búrọ́ọ̀ṣì. Tí mi ò bá rí i, wọ́n á fá mi lórí bí ẹlẹ́wọ̀n."

Editha ìbátan wa tó wà ní Amẹ́ríkà gbọ́, ó sì fi ọ̀kan sínú àpótí ńlá tó máa ń kó ránṣẹ́, láàárín ọṣẹ àti ẹran inú agolo. Ó ń dán, ó tóbi bí ọmọ odó. Inú Leonila dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi fọ irun lójú ẹsẹ̀. Jovelyn ki dráyà bọ ihò iná. Ó hó lẹ́ẹ̀kan, ó rú èéfín, ó kú.

Iná tiwa lágbára ní ìlọ́po méjì ti Amẹ́ríkà. Gbogbo wa la mọ̀. Ṣùgbọ́n eyín púlọ́ọ̀gì ẹ̀rọ wọn ń wọ ihò iná wa láìjanpata, ohun tó ń tàn wá jẹ nìyẹn. Kò sí ilé tó ní ẹbí lọ́hùn-ún ní òpópó wa tí kò tíì jó nǹkan báyìí rí. Ìkòkò ìrẹsì ni èmi jó. Jovelyn bú sẹ́kún. Oòrùn ń wọ̀, irun Leonila ń kán tó-tó-tó, mo sì mú páálí, mo ń fẹ́ ẹ lẹ́yìn.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Leonila gbéra lọ wá òmíràn ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ọjà La Paz. Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀rọ kì í kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láìjẹ́ pé wọ́n tàn án lójú ẹni tó ń rà á. Leonila ní kí wọ́n tan gbogbo èyí tó wà lórí àtẹ.

"Mọ́mì, èyí ló lágbára jù," ni ọmọbìnrin tó ń tajà wí.

Leonila gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n. "Ó wúwo bí áyọ́ọ̀nù eléèédú."

"Áyọ́ọ̀nù eléèédú kẹ̀? Ẹ ti pẹ́ láyé o!"

"Mo ti pẹ́. Mú òmíràn wá."

Èkejì fúyẹ́, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀ lèèyàn ti máa yí i kó tó tàn. "Ta ló máa bá mi fọwọ́ kejì yí i? Ṣé wàá tẹ̀ lé mi lọ sílé ni?"

"Tẹ́ ẹ bá lọ́mọkùnrin tó wà lápọ̀n, mo ti múra."

"Ó ti níyàwó, aláìnítìjú!" A rẹ́rìn-ín, ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

Ìkẹta kéré lórí, eyín rẹ̀ rọ̀, bọ́tìnnì rẹ̀ sì bọ́ sábẹ́ àtàńpàkò gẹ́lẹ́. Leonila sún un mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, bó ṣe máa ń wo ooru áyọ́ọ̀nù. "Èyí ò ní jó irun."

"Mọ́mì, ìyẹn ò lágbára. Á pẹ́ kí irun yín tó gbẹ."

"Kò síbi tí mò ń lọ."

Lọ́jọ́ Àìkú, ó fi ìgúnpá lé tábìlì, ó tẹrí wálẹ̀ bá dráyà dípò kó gbé dráyà lọ bá orí. Iwájú gbẹ. Ẹ̀gbẹ́ gbẹ. Ìpàkọ́ gbẹ, lẹ́yìn tó sinmi díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀, láti àyà dé ìbàdí, apá rẹ̀ kò gùn tó o. Bó bá ti nà án, á gbọ̀n, á jábọ́ sórí itan. Ilẹ̀ ń ṣú lọ. Jovelyn dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo fẹ́ dìde lọ ràn án lọ́wọ́, Leonila ní, "Ẹ jókòó."

Ó fa irun náà wá síwájú, ó fi búrọ́ọ̀ṣì wọ́ ọ wálẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Ó dúró níbẹ̀, lókè ọmú díẹ̀.

"Jovelyn, mú sísọ́ọ̀sì wá. Ibi tọ́wọ́ mi dé nìyí. O ò gbọdọ̀ kọjá ẹ̀ sókè."

Jovelyn mú sísọ́ọ̀sì dé, ó di irun náà mú. "Màámi, ṣé ó ń dùn yín?"

"Ó rẹ̀ mí ni. Gé e."

Jovelyn gé e, ó sì gbá èyí tó bọ́ sílẹ̀ jọ. Leonila tún tan dráyà rẹ̀, ó mú ìyókù gbẹ fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Ó gbẹ tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó fi ọwọ́ kan dì í, dídì náà wọ́ díẹ̀ sápá ọ̀tún, ó sì wọlé lọ sùn.