Okùn Igbá Omi Ìyá Àbẹ̀kẹ́

Àkùkọ kò tíì kọ nígbà tí èmi àti Ìyá Àbẹ̀kẹ́ jáde ní bodè Ìbàdàn. Ẹ̀yin ará Èkó tí ẹ ń bi mí léèrè bí ogun ti rí lókè lọ́hùn-ún, ìrìn àjò kan péré ni n óò rò fún yín.

Ará apá Òkè Ògùn ni obìnrin yìí. Ogun tú ìlú wọn, wọ́n kó ọmọ rẹ̀ Àbẹ̀kẹ́ lẹ́rú, òun sì sá wá sí agboolé tí mo wọ̀ sí ní Ìbàdàn. Lójú ọ̀nà tó ń sá bọ̀, ọkùnrin kan tí àwọn ẹbí rẹ̀ rà padà lóko ẹrú sọ fún un pé òun rí ọmọ náà, ó sì dárúkọ abúlé tó wà. Ìyá kò mọ abúlé kankan ní agbègbè Ìbàdàn. Kí orúkọ má baà sọ nù, ó ṣe bí wọ́n ti ń ṣe nílùú wọn: wọ́n á wá ohun tó bá orúkọ náà dún pọ̀, wọ́n á so ó mọ́ etí aṣọ. Bí wọ́n bá ní kí ó kí Iyùnadé, á so iyùn kan. Bí ọwọ́ bá ti kàn án, orúkọ á yọ.

Ṣùgbọ́n ibà dá a dùbúlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó dìde, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló bá létí aṣọ, orúkọ ti lọ.

“Ìwọ̀ wà lọ́wọ́ mi, akọ̀wé, ẹja ti já,” ó wí. “Ṣùgbọ́n ṣebí ríran ni à ń ran okùn? Wọ́n ní abúlé kan ń jẹ́ Akanran.”

Ìdí tí a fi dorí kọ Akanran nìyẹn. Ọ̀nà náà kò gbà ju ẹnì kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ ojú omi rìn, ẹsẹ̀ yín kò ní í gbà á. Ẹ̀kọ márùn-ún jẹ́ ogójì owó ẹyọ, ó sì kéré ju ti Èkó lọ. A sinmi ní sáńgò kan, bí àwọn Gàmbàrí ti ń pe ibi tí èrò ń sọ ẹrù kalẹ̀ sí.

Baálé tí a wọ̀ sílé rẹ̀ ní Akanran, ìmàle arúgbó kan, gbọ́ ọ̀rọ̀ wa tán, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ìyá, okùn ló ń fà ọ́ kiri bí ewúrẹ́ báyìí?”

“Ewúrẹ́ tó ń wá ọmọ rẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ bá mi wò ó.”

Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. “Láhaólà! Kò sí ẹrú ará òkè kankan lọ́dọ̀ wa níbí. Ẹ sùn ná.”

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyàwó rẹ̀ ń pariwo ní ẹ̀yìnkùlé: “Ẹ̀yin ọ̀lẹ wọ̀nyí, ta ni yóò pọn omi lónìí?”

Ìyá Àbẹ̀kẹ́ fò dìde. “Pọn! Akọ̀wé, okùn igbá omi ni! Mo ń pọn omi lọ́wọ́ nígbà tí ọkùnrin yẹn sọ ọ́ fún mi, ni mo bá gé díẹ̀ lára okùn náà. Bàbá, abúlé wo ni pọn wà lórúkọ rẹ̀?”

“Lálúpọn ni,” Baálé wí láti orí ẹní.

A kò dúró jẹun. Ìyá ń fi orúkọ náà kọrin títí a fi dé Ẹ̀gbẹ́dá, ibi tí òjò dá wa dúró sùn.

Lọ́jọ́ kejì a dé Lálúpọn, a béèrè ẹni tó ní ẹrú ará òkè, wọ́n sì fi ilé jagunjagun kan hàn wá. Ní Èkó, a ń kọ́kọ́ bi àlejò léèrè ohun tó bá wá. Lọ́hùn-ún, omi ni wọ́n kọ́kọ́ ń bù fún un. Ìyàwó ilé kúnlẹ̀, ó gbé omi fún wa, Ìyá sì mu ún tán kí ó tó dárúkọ ọmọ rẹ̀.

Obìnrin náà wo igbá tó ṣófo. “Àbẹ̀kẹ́? Òun ló pọn omi tí ẹ mu yìí.”

“Ó dà?”

“Ìyá, ẹ má bínú. Ọkọ mi ń lọ sójú ogun, kò ní ẹ̀tù. Àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú fi ẹ̀tù ìbọn ra Àbẹ̀kẹ́, wọ́n sì mú un lọ níjẹta.”

“Ọ̀nà wo ni wọ́n gbà?” ni mo bi í.

“Ọ̀nà Akanran, láti inú oko; wọn kò gba Ẹ̀gbẹ́dá.”

Ìyá kò sunkún. Ó wò mí, mo sì wo ilẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé a dúró lórí àṣìṣe wa ní Akanran, ọmọ náà ìbá bá wa níbẹ̀.

Nígbà tí a padà dé ọ̀dọ̀ Baálé, kò rẹ́rìn-ín mọ́. “Ọjọ́ tí ẹ lọ gan-an ni wọ́n kọjá. Ọmọbìnrin kan tọrọ omi, a sì bù fún un.” Àwọn oníbodè kò jẹ́ kí a kọjá sí ọ̀nà Ìjẹ̀bú.

Mo ní kí Ìyá wá ohun tí yóò so mọ́ orúkọ Ìjẹ̀bú.

“Ìlú mélòó ló wà ní Ìjẹ̀bú, akọ̀wé?” ó wí. Ó tú okùn náà kúrò létí aṣọ, ó fi í lé mi lọ́wọ́.

Ìbàdàn ni mo fi Ìyá sí. Èmi ti dé Èkó láàárọ̀ yìí. Ìyàwó mi ń béèrè ta ni yóò pọn omi fún bàbá tó tàjò dé. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, òùngbẹ kò gbẹ mí.