Bí Àbẹ̀kẹ́ Erin Ṣe Lọ Kí Erin

Ẹ̀yin ará, ẹ sún mọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí "ko" kan ṣoṣo fi ojú mi rí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀rín ṣì ń pa mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí!

Muṣin níhìn-ín ni mò ń gbé, iṣẹ́ tàípíìsì ni mo sì ń ṣe lọ́fíìsì kan ní Èbúté-Mẹ́tà. Màmá, ìyẹn ìyá tó bí bàbá mi, ló tọ́ mi dàgbà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, orílẹ̀ wọn sì ni Erin. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kì wọ́n ní Àbẹ̀kẹ́ Erin. Ṣé ẹ mọ̀ pé wọn ò rí erin rí láyé wọn? Àní ìrù rẹ̀ lásán!

Lọ́dún yìí, ojú ọ̀tún wọn fọ́ pátá. Dókítà ní tòsì náà ń bọ̀ lẹ́yìn. Màmá ò sunkún. Wọ́n kàn sọ fún mi pé kí ilẹ̀kùn tó tì tán, àwọn fẹ́ rí ẹni tí àwọn ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara.

Mo wádìí lọ́fíìsì, mo gbọ́ pé ìjọba ti ya igbó ńlá kan sọ́tọ̀ lápá Ọ̀yọ́ àtijọ́, pé ọdẹ ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, àmọ́ pé èèyàn lè gbàyè lọ wòran. Mo kọ lẹ́tà. Èsì dé: ká máa bọ̀, ṣùgbọ́n ká má mú ìbọn, ká má mú àdá, ká má pa nǹkan kan. Inú mi dùn débi pé mo jó yí tàípúráítà ká!

Ṣé kí Màmá wá dá nìkan lọ ni? Àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ mẹ́wàá tó máa ń ṣèpàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa lọ́jọ́ Àìkú ní àwọn náà ń bá wa lọ. Bàbá Onígbàjámọ̀, tí wọ́n ti fá orí ìdajì Muṣin kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, sọ ara wọn di alága ìrìnàjò. Ẹnì kankan ò yàn wọ́n o!

Ẹ wá wo wàhálà ètò. Bọ̀lẹ́kájà la háyà. Pákó ni ìjókòó rẹ̀, ìbàdí àgbà ò sì gba pákó mọ́, torí náà a ní kí oníkálukú gbé ìrọ̀rí dání. Ẹnu ọkọ̀ ga, a tún ní ká gbé àpótí ìdáná kan tí wọn á máa gùn wọlé. Ibi tí a ó ti máa dúró tọ̀ ńkọ́? Odindi ìpàdé kan la fi jiyàn lórí ìyẹn! Bàbá Onígbàjámọ̀ ní iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́fà làwọn ó jókòó nítorí orúnkún. Ta ni orúnkún ò dùn nínú wọn?

Níkẹyìn, mo tẹ ìwé ètò, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sókè pé: A Ń LỌ WO ẸRAN ÌJỌBA. Ẹ ò rí nǹkan? Ẹranko ló yẹ kí n kọ, mo gbàgbé "ko".

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a gbéra, mo rí i pé ẹrù pọ̀, mo ṣebí aṣọ ni. Orin la kọ títí a fi kọjá Ìbàdàn. A sùn ní Ọ̀yọ́, nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, a dé ẹnu igbó. Ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀, ọkùnrin gíga kan tó le lójú, ní ká tú ẹrù.

Ó fa ìkòkò kan yọ. Ó fa òmíràn. Iyọ̀, ata gígún, àlùbọ́sà, ọ̀bẹ mẹ́fà, àdá kan, àti apẹ̀rẹ̀ tí wọn ó fi kó ẹran yíyan dé Muṣin! Mo bi Bàbá Onígbàjámọ̀ pé kí lèyí. Wọ́n ní ṣebí èmi ni mo kọ ẹran sára ògiri, ta ní ń rìn láti Muṣin lọ wo ẹran lásán tí kò ní jẹ ẹ́?

Ẹ̀ṣọ́ ní ká yí ọkọ̀ padà. Ó ní òun ti mú oríṣiríṣi ọdẹ, òun ò tíì rí èyí tó gún ata dání. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, mo fi lẹ́tà hàn án. Ó ní lẹ́tà ọ̀hún gan-an ló ní ká má mú àdá. Àbí báyìí ni ojú kan tó kù yìí ó ṣe ṣú? Omijé bọ́ lójú mi.

Ni Màmá bá tẹ àpótí ìdáná sọ̀ kalẹ̀, wọ́n di apá mi mú, wọ́n sì dojú kọ ọkùnrin náà.

"Ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ Erin lorúkọ tèmi. Ṣé èèyàn lè pa orúkọ ara rẹ̀ jẹ?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní orílẹ̀ kan náà ni ìyá òun. Ó ní ká kó ìkòkò, ọ̀bẹ àti àdá sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn, òun fúnra òun ni yóò mú wa wọlé.

A rí ọ̀bọ, a rí àgbọ̀nrín, a rí ẹfọ̀n lókèèrè. Bàbá Onígbàjámọ̀ ń nawọ́ pín wọn: itan nìyí, igẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n erin ńkọ́? A wá a títí oòrùn fi rọ̀. Létí odò Ògùn ni ẹ̀ṣọ́ ti dúró lójijì, tó nawọ́ sílẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ erin ni, ó tóbi bí ọpọ́n, ó jìn nínú ẹrẹ̀. Ó ní àárọ̀ ọjọ́ náà ló kọjá.

Màmá ní ká ran àwọn lọ́wọ́ láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n fi ìka tọ etí rẹ̀ yíká, wọ́n tẹ àárín rẹ̀. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n sì ki ẹsẹ̀ wọn kékeré bọ inú rẹ̀.

"Ẹ kú ilé o," ni wọ́n wí. "Àbẹ̀kẹ́ yín dé."

Bàbá Onígbàjámọ̀ pàápàá gbàgbé ẹran.

Màmá ò jẹ́ ká fọ ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ náà títí a fi dé Muṣin. Ẹni tó bá bi wọ́n bóyá wọ́n rí erin, wọ́n á ní àwọn délé rẹ̀, àwọn ò bá a, ṣùgbọ́n àwọn ti fi ojú ẹsẹ̀ sílẹ̀ kó lè mọ̀ pé àwọn wá.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé: ẹ bi àwọn àgbà yín léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ rí, kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀yin náà ńkọ́, ibo lẹ ti mú àgbà lọ rí, kí ló sì ṣẹlẹ̀? Ẹ kọ tiyín wá, kí àwa náà rẹ́rìn-ín. Tẹ́ ẹ bá sì ń ṣètò lọ́wọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé "ko"!