Fóònù Tó Ń Gbàṣẹ Lọ́wọ́ Ìyá Kọ́kọ́rọ́

Ohun tí Ìyá Kọ́kọ́rọ́ kọ́kọ́ sọ nípa fóònù tuntun náà ni pé ó wúwo bí ọmọ odó.

"Ṣé kí n fi pe èèyàn ni, àbí kí n fi gún nǹkan?"

Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, rẹ́rìn-ín. Ó gba fóònù náà, ó fi èékánná ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, bátìrì yọ sílẹ̀.

"Màámi, ẹ wò ó. Kò sí ohun tí wọ́n fi pamọ́ nínú ẹ̀. Àwọn tó ṣe é kọ gbogbo bó ṣe ń ṣiṣẹ́ sí gbangba. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè kà á, ó sì lè tún un ṣe. Kò sí ilé iṣẹ́ kankan tó ń yọjú wò yín níbẹ̀. Ti àtijọ́ yín yẹn, amí ni. Gbogbo ibi tẹ́ ẹ bá lọ ló ń rò fún wọn."

"Ibo ni mò ń lọ? Ilé sí ṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀bù sí ilé. Ẹni tó bá ń ṣọ́ mi, oorun á kùn ún."

Ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún ò ju ibi tí èèyàn mẹ́ta lè dúró sí. Ìṣó kún ara ògiri rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ tí wọn ò tíì gé eyín sí sì rọ̀ lórí ìṣó kọ̀ọ̀kan. Ọdún méjìdínlógójì ni ọkọ rẹ̀ fi ṣe kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀. Bí bàbá bá ti gé e lórí ẹ̀rọ tán, ìyàwó rẹ̀ á gbà á, á fi fáìlì kékeré, irin tí ara rẹ̀ rí hara-hara, ha eyín rẹ̀ kó má baà ya olówó rẹ̀ lọ́wọ́. Oṣù méje rèé tí bàbá ti kú. Obìnrin náà ló ń gé e fúnra rẹ̀ báyìí, òun náà ló ń ha á.

Bàbá ní òfin kan. Bí èèyàn bá mú kọ́kọ́rọ́ wá pé kí wọ́n bá òun ṣe irú ẹ̀, kò ní tíì wo kọ́kọ́rọ́ tí á ti bi í pé, "Ta ló ni ilẹ̀kùn?" Bí ìdáhùn bá ti ń lọ́ mọ́ olúwarẹ̀ lẹ́nu, bàbá á dá irin rẹ̀ padà fún un. "Lọ pe onílẹ̀kùn wá." Oníbàárà bú u títí, kò yí òfin padà. Á ní, "Ìyàwó mi, kì í ṣe irin là ń tà. Ìyọ̀ǹda ni."

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí fóònù yìí dé, inú ń bí Ìyá Kọ́kọ́rọ́ sí i. Ojú fóònù náà dúdú. Àwọn àwòrán aláràbarà tó máa ń tẹ̀ lórí ti àtijọ́ ò sí níbẹ̀ mọ́. Ibi tó ti ń pe ọmọ rẹ̀ obìnrin tẹ́lẹ̀ ló ti wá rí ẹ̀rọ ìṣírò. Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kan tiwọn yọjú, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá Kọ́kọ́rọ́, ẹ̀yin ti bọ́ aṣọ dúdú, fóònù yín ló wá ń ṣọ̀fọ̀!"

"Ó ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ mi. Ìwọ tó o jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀, ọjọ́ mélòó lo fi ṣe é?"

Onígbàjámọ̀ fa orí wọlé.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí fóònù náà ń ṣe. Ọjọ́ tí ìyá fẹ́ fi ya fọ́tò kọ́kọ́rọ́ kan, fóònù náà dúró, ó kọ ọ̀rọ̀ síta: "Ṣé ẹ gbà kí n lo kámẹ́rà?" Àwọn ọ̀dọ́ kan níbì kan ló jókòó, tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì mọ̀ pé àgbà lè kà á. "Ẹ" ni wọ́n kọ, wọn ò kọ "o". Kíláàsì kẹrin ni Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ti kúrò nílé ìwé, ìka ló fi ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀. Nígbà tó kà á dé òpin, ó gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ta ló ti bi í ní irú ìbéèrè yìí láti oṣù méje? Ní ọsibítù, ọ̀ọ̀dẹ̀ ni dókítà àti àkọ́bí rẹ̀ ti parí ọ̀rọ̀ láìpe òun ìyàwó. Ọjọ́ ìsìnkú, àwọn ọmọ ló mú un. Aṣọ bàbá, ó ti ọjà dé ni, ó bá kọ́bọ́ọ̀dù lófìfo. "Màámi, a ti bá yín ṣe é." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí, bí ẹni ń bá èèyàn sọ ẹrù kalẹ̀.

Ohun tó bà á nínú jẹ́ ni pé gúrúùpù ẹbí ò wọlé sórí fóònù náà. Inú gúrúùpù yẹn ni gbogbo wọn ti ń kọ̀wé síra wọn.

"Ètò tí gúrúùpù yẹn wà lórí ẹ̀ ò gba irú fóònù yìí ni," ni àkọ́bí rẹ̀ wí. "Ẹ ní sùúrù, mò ń bọ̀ wá wá nǹkan ṣe sí i."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá rán an létí. Mò ń bọ̀, mò ń bọ̀, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù tòun ti téèpù ìwọ̀n. Kò mú kọ́kọ́rọ́ wá. Ó kí ìyá dáadáa, ó tẹ̀ ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé kọ́kọ́rọ́.

"Ọ̀gá, kí lò ń wọ̀n?"

"Bó ṣe máa gba ẹnu ọ̀nà ni, Màámi. Èmi ni mo rà á. Ṣé ọmọ yín ò sọ fún yín ni?"

Ìyá fa fóònù yọ, ó pe àkọ́bí rẹ̀.

"Màámi, a sọ ọ́ nínú gúrúùpù. Gbogbo wa la dá sí i. Ẹ ò fèsì, a rò pé ẹ gbà."

"Gúrúùpù wo? Èyí tí fóònù tó o kó lé mi lọ́wọ́ ò gbà?"

Ọmọ náà tún rí ọ̀rọ̀ sọ. "Ẹ̀yin náà lẹ máa ń wí pé ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Mi ò dákẹ́. Ẹ̀yin lẹ gba ẹnu mi." Ó mí kanlẹ̀. "Ta ló ni ilẹ̀kùn?"

Ọmọ náà mọ ìbéèrè yẹn. Abẹ́ tábìlì ṣọ́ọ̀bù yẹn ló ti kọ́ ìrìn. Ó yí ọ̀rọ̀ padà.

"Màámi, ó ti parí. Onílé tí a gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ẹ̀ ti fi fún ẹlòmíì. Ẹ ti dàgbà, ẹ wá sinmi."

Onígbàjámọ̀ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, abẹ lọ́wọ́. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. "Èmi tí mò ń fárí jẹun," ó ní, "mi ò fá a lẹ́yìn olórí rí."

Ṣùgbọ́n ẹnu onígbàjámọ̀ ò lè dá ẹ̀rọ dúró. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti gbé e lọ. Lẹ́búlẹ́bú irin tó ti ń dà sábẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wá kù sílẹ̀, ó rí bí ìbùsùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Ìyá mú fáìlì, ó kì í bọ àyà.

"Màámi, nǹkan yẹn wà lára ohun tí mo rà o," ni ọkùnrin náà wí.

"Lọ pe ẹni tó tà á fún ẹ, kó wá yọ ọ́ láyà mi."

Ọkùnrin náà wo ojú rẹ̀, ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ.

Nínú ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, fóònù dún. Ó kọ ọ́ síta pé: "Ọmọ yín fẹ́ máa rí ibi tí ẹ bá wà nígbà gbogbo. Ṣé ẹ gbà?" Ó fi ìka tẹ̀lé e dé òpin. Ó tún un kà. Ó tẹ Rárá.

Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi pè.

"Màámi, ẹ ṣì í tẹ̀ ni. ‘Bẹ́ẹ̀ ni’ lẹ máa tẹ̀. Ètò kékeré kan ni, kí ọkàn wa lè balẹ̀ bẹ́ ẹ bá jáde."

"Ṣebí ìwọ lo ní ẹni tó bá ń ṣọ́ ibi téèyàn ń lọ, amí ni?"

"Háà! Màámi, èmi ọmọ yín?"

"Fóònù bi mí. Mo sì ti dá a lóhùn."

Ó pa á. Ó dìde, ó wọ bàtà, ó fi báàgì kọ́ èjìká, ó mú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lórí ìṣó. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó rántí pé kò sí ibì kankan tóun ń lọ.